Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gun òkè, ká wá olú, ká sì sọ ìwọ̀ sódò

ỌkọÀdùnní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni èmi àti ìyàwó mi yóò pé ọdún 8 tí a ti ṣègbéyàwó. A ò fẹ́ pe èrò, a ò fẹ́ se ìrẹsì àríyá. Màmá mi ti ní kí á kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ òun láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí Àdùnní ní òun fẹ́ ni pé kí àwa méjèèjì jọ wọ igbó, bí màmá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ṣe máa ń mú un lọ. Abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló dàgbà sí. Ó mọ ẹ̀fọ́ oko, ó sì mọ olú díẹ̀. Èmi ní tèmi, Bódìjà n'Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò sọ ìwọ̀ sódò rí.

Ètò tí mo ṣe nìyí: ká kúrò nílé ní aago 10 àárọ̀, ká gun Òkè Adó ní Adó-Àwáyé, ká wo adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ká sọ̀ kalẹ̀ wá olú àti ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn náà ká wakọ̀ lọ sí dáàmù Ìkéré lọ pẹja títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti ra ìwọ̀ méjì àti okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ètò yìí dáa? Kí ni ká mú dání, kí ni ká sì yẹra fún? Ẹ ṣeun.

ÌyáÌbejì_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà. Ìsẹ́yìn ni mo wà, aṣọ òkè ni mò ń tà, àdúgbò mi gan-an lẹ ń sọ yìí.

Ẹ má bínú sí mi, ètò yín ti pọ̀ jù fún ọ̀sán kan. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn nìkan tó kìlómítà 65, ẹ ò sì tíì ka rírìn láàárín Ìbàdàn mọ́ ọn. Adó-Àwáyé wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa, nǹkan bíi kìlómítà 20. Dáàmù Ìkéré tí wọ́n fi sé odò Ògùn wà lápá àríwá. Ẹ ó lọ sí apá kan, ẹ ó padà gba àárín Ìsẹ́yìn kọjá, ẹ ó tún lọ sí apá kejì. Kí ẹ tó sọ ìwọ̀ àkọ́kọ́ sómi, ilẹ̀ á ti máa ṣú, ẹ̀yin méjèèjì á sì ti máa kanra mọ́ ara yín.

Bí ẹ bá kúrò nílé ní aago 10, ọ̀sán gangan lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ó ku òkúta borokoto. Bí oòrùn bá ti yan òkúta yẹn, ooru á máa bọ̀ láti òkè, á máa jáde láti abẹ́ ẹsẹ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, oṣù kẹsàn-án la sì wà yìí. Ìdájí ni wọ́n ń gun òkè yẹn, pẹ̀lú ọmọ ìlú tó ń ṣamọ̀nà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwọ̀ dé ẹ̀bá Ìyàkẹ́. Omi ọ̀wọ̀ ni, àwọn ará ìlú kò fi ṣeré. Bákan náà ló rí l'Óṣogbo, nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2005: wọn kì í pa ẹja níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ kí inú òun dùn nílùú onílùú, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún.

Nínú ètò yín, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ìbéèrè mi sì rèé: ṣé oko màmá àgbà tẹ́ ẹ sọ yẹn kò sí mọ́ ni?

ỌkọÀdùnní

Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí Àdùnní létí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó ti tó ọdún 5 tí òun ti débẹ̀ kẹ́yìn. Oko náà ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló ń dá a báyìí. Ó ní òkè kékeré kan wà lẹ́yìn oko, odò kan sì wà tí kì í gbẹ nígbà òjò. Ó jọ pé ibẹ̀ la máa lọ. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ỌmọỌdẹ

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ lọ. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kì í ṣe ìbọn yínyìn. Wọ́n kọ́ wa pé kò sí igbó tí kò ní olúwa. Àwọn ọmọ ìgboro á dé, wọ́n á rí èso lórí igi, wọ́n á ní "igbó ló wà, kò ní olóko." Irọ́ ni. Ẹnì kan ló dá igi iyeye yẹn sí nígbà tó ń ṣán oko, ẹnì kan ló mọ iye igi irúgbá tó wà nínú ahoro yẹn, tó ń dúró de ìgbà tí yóò gbó kí ó lè ṣe irú.

Torí náà, kí ẹ tó na ọwọ́ sí igi èyíkéyìí, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀ka rẹ̀. Bí ẹ bá rí ṣúkù àgbàdo tí wọ́n fi okùn so, tàbí àkísà pupa, tàbí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, tàbí bàtà tó ti jẹ tán, tàbí ìkarahun ìgbín, ààlè nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìgbálẹ̀ ń sọ pé a ó gbá olè dànù. Bàtà tó jẹ ń sọ bí ayé olè yóò ṣe jẹ. Ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ yín kò fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá torí ìyẹn já a. Ẹni tó pààlè ti sọ fún yín pé òun ń bẹ láyé, òun sì nílò èso òun. Ìyẹn tó. Ní abúlé tiwa, ẹni tí ebi ń pa lójú ọ̀nà lè ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì í lọ sílé.

Nípa ìrìn fúnra rẹ̀: bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn. Ìyàwó yín pàápàá, kó wọ ṣòkòtò. Ẹ jẹ́ kí aṣọ yín tàn, pupa tàbí yẹ́lò, kì í ṣe àwọ̀ ewé, kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn ọdẹ ń wọ igbó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá sì rí ohun dúdú kan tó tẹ̀ ba nídìí koríko, ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni.

Ẹ mú ọ̀pá gígùn kọ̀ọ̀kan dání. Ẹni tó wà níwájú á máa fi na koríko kó tó gbẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ejò ló máa ń yà bí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ni kì í tètè yà, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí igi gbígbẹ, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò kankan. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá olú nídìí ọ̀gán, ọ̀gán tí ikán ti fi sílẹ̀ sì dùn ún gbé fún ejò. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yẹ ìdí rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ọwọ́.

Ohun kan tí àwọn baba wa kò kọ́ wa, tí àwa ti wá kọ́ fúnra wa: bí ẹ bá dé ibi tí koríko ti gbẹ gbúgbú nígbà òjò, tí gbogbo àyíká rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, ẹnì kan ti fọ́n oògùn apakòríko síbẹ̀. Ẹ má já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣa ìgbín níbẹ̀. Ìgbín tó jẹ ewé yẹn ti gbé oògùn náà mì. Bí ìgbín bá sì kéré, tí etí ìkarahun rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ kó dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ààbò náà. Ayé ti yí padà ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ má wọ igbó tí ará abúlé kò mọ̀ pé ẹ wọ̀. Ẹ kí baálẹ̀, ẹ kí olórí ọdẹ, ẹ sọ apá ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa jáde. Bí àwọn Amọ̀tẹ́kùn bá wà nítòsí, ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní "ẹ má lọ lónìí," ẹ jókòó sábẹ́ igi láàárín abúlé kí ẹ máa jẹ àgbàdo sísun. Ọjọ́ ìgbéyàwó náà ṣì ni.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ẹ̀fọ́ ni tèmi. Ní ìwọ̀nyí, ẹ máa rí èbòlò níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro tàbí tí wọ́n sun. Bí ẹ bá rún ewé rẹ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ nìkan á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Wọ̀rọ̀wọ̀ máa ń fà gun igi lábẹ́ ìbòòji, nínú oko kòkó àti oko obì. Yánrin wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀gúsí àti irú gún un lẹ́sẹ̀, ẹ ó gbàgbé ẹran. Ẹ má fà á tu. Orí rẹ̀ ni ká já, kó lè rú padà. Ẹ má sì bọ èbòlò pẹ́, omi gbígbóná ẹ̀ẹ̀kan, ó ti tó.

Ẹ má wá agbálùmọ̀ o, ìgbà ọyẹ́ ni tirẹ̀. Àwín náà kò tíì yá. Iyeye ni òun ń bọ́ báyìí. Bí ẹ bá bá àgbáyun pàdé, ẹ lá ọ̀kan, kí ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ṣe dùn bí oyin.

Ti olú: ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà funfun. Bí àlùbọ́sà kò bá dúdú, kò sí májèlé nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ìgbín tàbí kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

TíṣàBàólọ́jì

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yín pé, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ gbogbo ẹni tó bá ka èyí: ti àlùbọ́sà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ti ṣíbí fàdákà tí àwọn mìíràn ń sọ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Májèlé olú kì í yí àlùbọ́sà padà. Ìgbín lè jẹ olú tó máa pa ènìyàn, kí ìgbín máa rìn lọ láìsí nǹkan kan, torí ara tirẹ̀ kò rí bí ara wa. Sísè kò sì ń ba májèlé àwọn tó burú jù jẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí ni pé olú tó burú jù kì í tètè fi ara hàn. Ènìyàn á jẹ ẹ́ lálẹ́, á sùn, á jí, ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Nígbà náà, iṣẹ́ ibi ti ń lọ nínú ẹ̀dọ̀ki. Inú á tún fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ kan, gbogbo ilé á ní ara ti yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ki ń bàjẹ́ lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ni ti olú funfun ńlá tó ń hù lórí koríko, tó ní èépá àwọ̀ ilẹ̀ lórí àti òrùka lọ́rùn. Bó bá dàgbà, abẹ́ rẹ̀ máa ń di àwọ̀ ewé. Ó rẹwà, ó sì máa ń mú kéèyàn bì, kó máa yàgbẹ́ títí ara á fi gbẹ.

Olú tí mo lè gba àwọn méjèèjì yìí nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá ni olú ọ̀gán, torí ó ní àmì tí olú mìíràn kò ní. Ikán ló ń gbìn ín. Nínú ọ̀gán, àwọn ikán ń kó igi àti ewé tí wọ́n ti jẹ jọ, wọ́n fi ń ṣe nǹkan bí afárá oyin, orí afárá yẹn ni olú ti ń jẹun. Nígbà tí òjò bá dé, ó á ta gbòǹgbò funfun kan gba inú ilẹ̀ wá sókè, ìyẹn ni àwa ń rí. Nítorí náà ẹ má já a lórí ilẹ̀. Ẹ fi igi gbẹ́ ẹ tẹ̀lé e sísàlẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá gùn, tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ títí dé ilé ikán, tí orí rẹ̀ sì ní ṣóńṣó kan láàárín, òun nìyẹn. Bó bá parí lójú ilẹ̀, tàbí tí ìdí rẹ̀ wú bí ẹyin nínú àpò, ẹ bò ó padà kí ẹ máa lọ.

Kó má sì jẹ́ ìwé ni ẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé, kó má jẹ́ àwòrán orí fóònù. Ẹ gbé e dé iwájú ẹni tó ti ń jẹ olú inú oko yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá mi orí, ẹ dà á nù.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní ti àlùbọ́sà, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Màá tún un sọ fún wọn báyìí. Olú ọ̀gán nìkan ni èmi fúnra mi máa ń sè, bóyá ohun tó gbà mí nìyẹn.

BàbáẸlẹ́ja

Ọmọ mi, o ní o ò sọ ìwọ̀ rí. Kò le. Ibi tí ó ti le ni sùúrù, ìyẹn nìkan kò sì sí lọ́jà.

Gé ọparun tó gùn jù ẹ́ lọ díẹ̀, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó máa tẹ̀. So okùn mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí okùn gùn tó ọ̀pá. So òjé kékeré sókè ìwọ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Sókè òjé, so ègé ògùrọ̀ gbígbẹ tí yóò léfòó. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń jó kẹ́kẹ́kẹ́, ẹpìyà ló ń tọ́ ọ wò, má tíì fà á. Bó bá rì ṣìnkún, fà á. Bó bá ń rọra lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó jí nǹkan gbé, àrọ̀ ni, òun ti gbé e mì.

Ìwọ̀ méjì tí o rà, ṣé ìwọ̀n kan náà ni? Ẹnu ẹpìyà kéré, ìwọ̀ kékeré ni tirẹ̀, fi ekòló tàbí òkèlè ẹ̀bà líle sẹ́nu rẹ̀. Àrọ̀ fẹ́ ìwọ̀ ńlá, ó fẹ́ ìfun adìyẹ, ó fẹ́ ìsàlẹ̀ níbi ẹrọ̀fọ̀, ó sì fẹ́ràn ìgbà tí òjò bá sọ omi di pupa. Ẹ gbẹ́ ekòló yín nídìí ààtàn ní abúlé kí ẹ tó lọ. Ẹ má fi ariwo dé etí odò, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín ṣubú sómi.

Ohun tó kù, fetí sí i dáadáa. Àrọ̀ ní ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn ẹ̀gún yẹn ni kí o ti dì í mú. Bí o bá fa ẹja kan jáde tí ara rẹ̀ wú, tó ń yọ̀, tó ní irùngbọ̀n bíi ti àrọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lẹbẹ gígùn lẹ́yìn, tí ara rẹ̀ sì rí bí eérú pẹ̀lú àmì dúdú dúdú, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀jìjí ni. Iná ń bẹ lára rẹ̀ bíi ti iná mànàmáná. Ó ti gbé ọ̀rẹ́ mi kan ṣubú sínú omi rí, orí ló kó o yọ. Gé okùn, jẹ́ kó máa lọ.

Irú ẹpìyà kan wà tó máa ń kó ẹyin àti ọmọ sẹ́nu láti fi dáàbò bò wọ́n. Kì í sábà jẹun lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìwọ̀ á mú un. Bí o bá rí ọmọ lẹ́nu rẹ̀, dá a padà kíá. Mo ti pa ẹja fún ọdún 40, mi ò fi irú rẹ̀ jẹun rí.

Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí ẹja tó léfòó lọ rẹpẹtẹ láìsí ẹni tó pa á, ẹnì kan ti da oògùn somi lókè odò. Ẹ má kó o, ẹ má mu omi náà, ẹ sọ fún baálẹ̀. Àwọn tó ń ṣe báyìí ń pa ẹja ọdún tó ń bọ̀ mọ́ tọdún yìí.

ỌmọÌgànná

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré tèmi kún un. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àfẹ́sọ́nà mi wọ inú oko kan lọ já ẹ̀fọ́. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ẹsẹ̀ gba èsìsì, ewé tí ń jóni lára, kọjá láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó sunkún títí a fi délé. Kò sí ẹni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ẹ bi ìyàwó yín kó fi han yín kí ẹ tó rìn jìnnà. A tún gbà pé fóònù á tan iná fún wa nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, bátìrì sì ti kú ní aago 6. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì jáde nínú igbó kí aago 5 tó kọjá.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ mú omi lítà 4 dání fún ẹni méjì, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, aṣọ mímọ́ kan tí ẹ lè fi di ọgbẹ́.

Ẹ má wọ inú odò náà. Etí odò ni kẹ́ ẹ dúró sí. Nínú omi tí kì í sáré, ìgbín wẹ́wẹ́ kan wà tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni kòkòrò yẹn ń jáde sómi jù, ó sì ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ibi tí wọ́n ti mọ àrùn yìí mọ́ àwọn apẹja fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wẹ irú odò bẹ́ẹ̀ ní kékeré, kó lọ yẹ ìtọ̀ wò. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, kò sì le.

Ti ejò: bó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ọwọ́ tó wú. Kí ẹni náà má rìn bó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má lé ejò kiri láti pa á wá. Kí ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn, ẹ ti bèèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn apaoró ejò nílẹ̀ lágbègbè yẹn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ní in. Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù, ìṣẹ́jú 5 lórí fóònù ni.

ỌkọÀdùnní

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A lọ, a sì padà bọ̀ láyọ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, torí ẹ̀yin lẹ bá wa ṣe é.

Aago 7 la kúrò nílé. A mú búrẹ́dì àti orógbó lọ fún bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá Àdùnní. Ó ti bá wa sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ kí a tó dé. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sìn wá dé ìdí òkè, kó wá fi wá sílẹ̀. Òkè náà kò ga, bí ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí rẹ̀ a rí gbogbo oko, a rí ibi tí odò gbà kọjá bí ìlà ewé tó dúdú ju ìyókù lọ. Àdùnní fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ahéré màmá àgbà wà tẹ́lẹ̀. Igi ọ̀pẹ kan ló kù níbẹ̀. A jókòó pẹ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, igi iyeye àkọ́kọ́ tí a rí, gbogbo ìdí rẹ̀ yẹ́lò fún èso. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí ṣúkù àgbàdo méjì àti ìdajì sálúbàtà tí wọ́n fi ọ̀já ọ̀gẹ̀dẹ̀ so mọ́ ẹ̀ka. ỌmọỌdẹ, orúkọ yín ni mo dá lẹ́nu. A pe ọmọ bàbá lórí fóònù, ó ní ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ni ín, ilé rẹ̀ kò jìnnà. A lọ kí i. Ó wo Àdùnní títí, ó ní "Ṣé kì í ṣe ọmọ-ọmọ Ìyá Oníyánrin nìyí?" Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ẹkún sì gbà á. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló mú wa padà dé ìdí igi, ó ṣa iyeye kún abọ́ fún wa, kò gba kọ́bọ̀.

Òun náà ló fi ọ̀gán kan hàn wá. Olú mẹ́fà ló yọ lára rẹ̀, méjì kò tíì ṣí. Àdùnní fi igi yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó wá kúnlẹ̀, ó ń fi ìka yẹ erùpẹ̀ pupa kúrò díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò olú náà funfun, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó gùn láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ní "Màmá kì í jẹ́ kí n fà á. Wọ́n á ní kí n máa wa á bí ẹni ń wa iṣu." Mẹ́rin la mú. Ìyá náà yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ní kí a máa gbé wọn lọ.

Bàbá Ẹlẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́ sà. A sọ ìwọ̀ láti aago 2 títí di aago 4 ààbọ̀. Wákàtí kan gbáko, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ògùrọ̀ rì ṣìnkún, mo fà á, ẹpìyà kan jáde, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo gbé e sí ọwọ́ Àdùnní kí n lè yọ ìwọ̀. Ó la ẹnu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n kéré bí hóró ìrẹsì tó ṣẹ́, olójú dúdú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ta pútúpútú. Ó sáré rì gbogbo ọwọ́ rẹ̀ sómi. Ẹja náà kò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, àwọn ọmọ náà ń yí i ká, lẹ́yìn náà gbogbo wọn wọlé padà sẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹpìyà méjì mìíràn la rí lẹ́yìn ìyẹn, a ti yẹ ẹnu wọn wò. Ewé eéran la fi wé wọn pẹ̀lú iyọ̀ àti ata, àgbàlá bàbá la ti yan wọ́n lórí ẹ̀yinná, a jẹ wọ́n pẹ̀lú bàbá àti ìdílé rẹ̀. Aago 6 ti lù nígbà tí a dé ojú títì, ó pẹ́ ju ohun tí ẹ sọ lọ, nígbà mìíràn a ó tètè gbéra.

Nọ́ọ̀sì, Àdùnní wẹ odò yẹn lójoojúmọ́ ní kékeré. A ti lọ yẹ ìtọ̀ wò lánàá, a ń retí èsì.

Ìyá Ìbejì, Òkè Adó ló kù. Ìgbà wo ló dáa jù?

ÌyáÌbejì_Ìsẹ́yìn

Ọkàn mi dùn. Ẹ wá ní oṣù kọkànlá, tí òjò bá ti dá, kí ọyẹ́ tó mú. Ẹ sun Ìsẹ́yìn mọ́jú, kí ẹ lè wà ní ìdí òkè ní aago 6 ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ fi ìwọ̀ sílẹ̀ nílé. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ síbí, màá bá yín wá ọmọ ìlú tó máa ṣamọ̀nà.